Kílọ́ọ̀ṣì líìfítì mi ń yọ̀, ó sì ń rùn: ṣé sípíríǹgì ló kù ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ẹnjiníà. Wẹ́dà ni mí ní Ìbàdàn níbí. Mo ń kan líìfítì tí wọ́n fi ń gbé kọnkéré lọ sórí dẹ́kìn, mo fẹ́ máa fi háyà fún àwọn bíríkìlà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń yí ní 1500 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́líìtì dín eré náà kù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jíà tún dín in kù lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún kó tó dé dírọ́ọ̀mù. Dírọ́ọ̀mù náà fẹ̀ ní 300 mm, okùn wáyà 10 mm ló wà lórí rẹ̀. 500 kg ni mo fẹ́ kó máa gbé lọ sókè ilé alájà mẹ́rin. Kílọ́ọ̀ṣì tòkunbọ̀ kan tí mo rà ní Gate, tó fẹ̀ ní 200 mm, ni mo fi so dírọ́ọ̀mù mọ́ ṣáàfù rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo ń gòkè dáadáa. Ṣùgbọ́n tí kọnkéré bá ti dé ìdajì rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á sì máa rùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n wá sípíríǹgì tó le ju èyí lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú jó o pọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àti pé, ṣé dandan ni kí n ṣe bíréèkì lọ́tọ̀, tàbí kílọ́ọ̀ṣì náà ti tó láti fi dá ẹrù dúró sókè?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó gbé iná wẹ́dà sí i. Má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ kò bàjẹ́, ẹni tó tà á fún ọ ní Gate kò sì rẹ́ ọ jẹ. Ibi tí o gbé e sí ni iṣẹ́ ti ju agbára rẹ̀ lọ. Irú èyí ti wá bá mi láìmọye ìgbà, sípíríǹgì sì ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń fẹ̀sùn kàn.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Kò ju ìṣirò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí náà má sá.

Kg kọ̀ọ̀kan ń fà wálẹ̀ pẹ̀lú agbára 9.81 N (Newton), nítorí náà ẹrù 500 kg ń fa okùn wálẹ̀ pẹ̀lú 4905 N. Láti àárín gbùngbùn ṣáàfù dé àárín okùn jẹ́ 155 mm: 150 ti dírọ́ọ̀mù, 5 ti ìdajì okùn. Fi 0.155 mítà ṣe ìsọdipúpọ̀ 4905, wàá rí nǹkan bíi 760 Nm. Òun ni mò ń pè ní agbára ìyípo. Tí o bá fẹ́ fojú inú rí i, mú sípánà tó gùn ní mítà kan, kí o fi há nọ́ọ̀tì, kí o wá jẹ́ kí ọkùnrin tó wọn 77 kg dúró sí orí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ẹrù rẹ ṣe ń fẹ́ yí dírọ́ọ̀mù padà nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tó bá wà lókè.

Ní ti kílọ́ọ̀ṣì aláwo bíi tìrẹ, nǹkan mẹ́rin péré ló ń sọ ohun tó lè gbé: bí sípíríǹgì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bí láínìn, ìyẹn ohun tí wọ́n kàn mọ́ àwo rẹ̀ kó lè máa ha irin, ṣe ń di irin mú tó, bí láínìn náà ṣe jìnnà sí àárín ṣáàfù tó, àti iye ojú tó ń ha ara wọn. Ká ní sípíríǹgì rẹ ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 4000 N, èyí tó wọ́pọ̀ fún kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ kékeré. Ìdìmú láínìn gbígbẹ, 0.3 ni mo máa ń lò. Ẹni tó bá lo 0.4 ń tan ara rẹ̀ jẹ. Láínìn tó fẹ̀ ní 200 mm lóde, tó sì sábà máa ń jẹ́ 140 mm nínú, àárín rẹ̀ jìn sí ṣáàfù ní 85 mm. Ojú méjì ló ń ha, iwájú àti ẹ̀yìn. Ìsọdipúpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 204 Nm.

Ohun tí dírọ́ọ̀mù ń béèrè ni 760. Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì ní ni 204. Pẹ̀lú 204 yẹn, nǹkan bíi 134 kg ló lè gbé, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Ìdí tí òfìfo fi ń gòkè, tí ìdajì ò sì gòkè nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ọ̀gá rẹ. Kí kílọ́ọ̀ṣì yìí tó lè gbé 760 kó sì kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kó lágbára tó 1140 Nm, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀. Sípíríǹgì tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní láti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 22,350 N. Tọ́ọ̀nù méjì ó lé ní ìdá mẹ́rin nìyẹn! Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ fa lífà tó máa tú u? Kódà bí o bá ṣe lífà gígùn débi pé ó ṣeé fà, láínìn ọkọ̀ kékeré kò ní fara da irú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Báyìí, 4000 N lórí láínìn rẹ jẹ́ nǹkan bíi 0.25 N lórí mílímítà onígun mẹ́rin kan, èyí kò burú. Tí sípíríǹgì bá di 22,350, ó di 1.4. Láínìn náà á gbẹ́, á fọ́, ríbẹ́ẹ̀tì á fara hàn, irin á wá máa ha irin.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o jó o pọ̀ kò tíì rí ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti há sí abẹ́ dẹ́kìn. Èmi ti rí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń gòkè, etí rẹ̀ kọ́ pákó kan tí káfíńtà gbàgbé síta, ẹ́ńjìnnì kò mọ̀, fúláíwíìlì rẹ̀ tó wúwo kò mọ̀, wọ́n ń yí lọ. Lọ́jọ́ náà kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, ó rùn, gbogbo wa sá, kò sì sí ohun tó já. Ká ní wọ́n ti jó o pọ̀ ni, okùn tàbí òpó líìfítì ni ìbá kọ́kọ́ gbà. Kílọ́ọ̀ṣì ni fíúùsì ẹ̀rọ yìí. Àìmọ̀ọ́yọ̀ rẹ̀ léwu tó yíyọ̀ àṣejù.

Kí ló wá dé tí kílọ́ọ̀ṣì kan náà fi ń ti ọkọ̀ tó wọn ju 500 kg lọ gun òkè Mọ́kọ́lá láìyọ̀? Nítorí pé inú ọkọ̀, àárín ẹ́ńjìnnì àti jíà ni wọ́n fi í sí. Ibi tí eré bá ti pọ̀, agbára ìyípo a kéré. Ibi tí eré bá ti rọ̀, agbára ìyípo a wúwo. Jíà ló ń pààrọ̀ ọ̀kan fún èkejì. Ìwọ gbé kílọ́ọ̀ṣì sí ìdí dírọ́ọ̀mù, lẹ́yìn tí jíà ti sọ gbogbo eré di agbára tán. Ibi tó wúwo jù nínú ẹ̀rọ rẹ lo gbé ohun tó fúyẹ́ jù sí.

Nínú ẹ̀rọ tìrẹ, ibi mẹ́ta ló ṣeé gbé e sí: ara ẹ́ńjìnnì, ṣáàfù àárín tí bẹ́líìtì ń yí, tàbí dírọ́ọ̀mù níbi tó wà báyìí. Ọ̀pọ̀ á sọ pé kí o gbé e lọ sí ara ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí jíà àti bẹ́líìtì ń jẹ mọ́ ọn, nǹkan bíi 20 Nm péré ni ẹrù ń béèrè. Ó dà bíi pé ìṣòro ti tán. Kò tán, ó yí sódì ni. Kílọ́ọ̀ṣì 204 Nm níbi tí wọ́n ti ń wá 20, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Kó tó gbà láti yọ̀, okùn rẹ á ti máa fà pẹ̀lú agbára tó lé ní tọ́ọ̀nù 5, àfi bí bẹ́líìtì bá ṣàánú rẹ. Okùn wáyà 10 mm tó dáa gan-an, àyíká tọ́ọ̀nù 5 náà ló ti ń já, tìrẹ sì lè ti gbó. Fíúùsì wà nílé, ṣùgbọ́n wáyà ilé á ti jó kí òun tó jó.

Ṣáàfù àárín ni kí o gbé e sí. Bẹ́líìtì ti dín eré kù sí 500 níbẹ̀, jíà kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹrù 500 kg ń béèrè 56 Nm níbẹ̀, tí a bá fún jíà ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó ìjẹ rẹ̀. Mo fẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì líìfítì lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí ẹrù ń béèrè, kó má fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà 204 ṣì pọ̀. Wá kílọ́ọ̀ṣì onísípíríǹgì kéékèèké mẹ́fà tó tò yípo. Irú onísípíríǹgì pẹrẹsẹ kan ṣoṣo, tó rí bí àwo tí wọ́n là láti àárín, kò ṣeé dín kù. Yọ mẹ́ta nínú mẹ́fà náà, ọ̀kan yọ, ọ̀kan kù, kí ìtẹ̀ náà lè bá ojú méjèèjì dọ́gba. Ó di 2000 N, agbára ìyípo di 102 Nm. Ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 1.8. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá há, ó máa yọ̀ nígbà tí okùn bá ń fà bíi 910 kg, tó fi jẹ́ pé okùn tó dáa kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Lífà rẹ náà á fúyẹ́ débi pé ọmọ iṣẹ́ lè fà á látàárọ̀ dalẹ́.

Ṣé o rí i? Ọ̀gá rẹ ní kí o fi sípíríǹgì kún un. Èmi ń ní kí o yọ ìdajì kúrò.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé òun ti rí ẹ̀rọ àtijọ́ tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lára dírọ́ọ̀mù gan-an. Òótọ́ ni. Àwọn ẹ̀rọ onísítíìmù tí wọ́n fi ń kọ́lé, tí wọ́n sì fi ń wọ́ gẹdú ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn rí. Ẹ́ńjìnnì kan ló ń yí dírọ́ọ̀mù méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà dandan ni kí kálukú ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Dírọ́ọ̀mù ń yí gbẹrẹ lórí ṣáàfù. Jíà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kan pákó líle mọ́, wọ́n gbẹ́ pákó náà ní ṣóńṣó bí àrọ. Skúrù kan ló ń ti dírọ́ọ̀mù wọ inú pákó yẹn, á há, wọ́n á jọ máa yí. Wọ́n borí nítorí ohun méjì. Fífẹ̀ rẹ̀ tó ti dírọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, nítorí náà ìhara náà jìnnà sí ṣáàfù. Ṣóńṣó náà sì ń sọ ìtìsí kékeré di ìhámọ́ ńlá, bí a ṣe ń fi èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ la igi. Ká ní ìwọ náà ṣe ti onípákó tó jẹ́ 250 mm láti àárín ṣáàfù, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà ní ìwọ̀n 20 dígírì, tí ìdìmú pákó mọ́ irin jẹ́ 0.25, ìtìsí 6240 N péré ló máa fún ọ ní 1140 Nm yẹn. Skúrù ń ṣe èyí láìlàágùn.

Ṣùgbọ́n bí o bá dán an wò, má jẹ́ kí ṣóńṣó náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Pẹ̀lú ìdìmú 0.25, tí ẹ̀gbẹ́ bá dà ní ìwọ̀n 14 tàbí tó dín sí i, ó máa há, kò sì ní fẹ́ tú fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá dá skúrù padà. Dírọ́ọ̀mù tí kò fẹ́ tú nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ti dé òkè pátápátá, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i.

Kó tó di pé onípákó yẹn gbilẹ̀, okùn fúnra rẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì. Ní 1881 John Dolbeer, oníṣòwò gẹdú kan ní Eureka ní California, ṣe ẹ̀rọ onísítíìmù kékeré kan tí wọ́n ń fi wọ́ gẹdú. Wọ́n á lọ́ okùn mọ́ irin tó ń yí ní ìlọ́ mélòó kan, ẹnìkan á sì máa fa ìdí okùn náà. Bó bá fà á, gẹdú á máa bọ̀. Bó bá dẹ̀ ẹ́, irin á máa yí lásán. Ìlọ́ mẹ́ta péré, pẹ̀lú ìdìmú 0.25, máa ń sọ agbára ọwọ́ ẹnìkan di ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹlẹ́mu tó fi igbà gun ọ̀pẹ mọ èyí láìka ìwé. Igbà tó yí ara rẹ̀ àti igi ká ni, bó bá ṣe fi ìwúwo ara rẹ̀ tì í sẹ́yìn tó ni igbà ń di ọ̀pẹ mú tó. Fi igbà sọ́kàn, mo ṣì máa padà sí i.

Ní báyìí, ìbéèrè rẹ kejì, èyí tó fi ẹ̀mí ènìyàn dá lé: ṣé kílọ́ọ̀ṣì lè dá ẹrù dúró sókè?

Rárá o. Kílọ́ọ̀ṣì wà láti gbé, kò wà láti dì í mú.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá dúró lókè, tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tí onílífà sì ń fi kílọ́ọ̀ṣì ìdajì dì í mú, bí àwọn onímáíkírà wa ṣe ń ṣe lórí òkè nígbà tí ọ̀nà bá há. Ojú kan dúró, ojú kejì ń yí ní 500. Agbára ìyípo tó ń gbà á kọjá jẹ́ nǹkan bíi 40 Nm. Gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru, ó sì jẹ́ nǹkan bíi 2 kW. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ méjì tí wọ́n tàn tán nìyẹn, tí wọ́n há sí àárín àwo irin méjì tí atẹ́gùn kò dé. Láínìn onírẹ́sìnì tí a ń rà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdìmú rẹ̀ nù nígbà tí ooru bá ń sún mọ́ ìwọ̀n 250 lórí Celsius. Bí ìdìmú ṣe ń lọ sílẹ̀, onílífà á tún fà sí i, ooru á tún pọ̀ sí i. Òórùn rọ́bà tí o gbọ́ yẹn, ìyẹn ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń bọ̀ wálẹ̀, kì í sì í rọra.

Bíréèkì gbọ́dọ̀ wà, ara dírọ́ọ̀mù gan-an ló sì gbọ́dọ̀ wà. Má fi sí ara ṣáàfù àárín nítorí pé ibẹ̀ fúyẹ́. Ohun tí mo sọ nípa kílọ́ọ̀ṣì kò kan bíréèkì. Bí eyín jíà bá ré, bí kíì bá já, bí bẹ́líìtì bá bọ́, ohun tó ṣẹ́kù láàárín 500 kg àti orí ọmọ ènìyàn ni ohun tó bá di dírọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ mú. Sípíríǹgì tàbí òkúta ìwọ̀n ni kó máa tẹ bíréèkì náà mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni kó máa tú u. Bí onílífà bá ṣubú, bó bá sá, bí oyin bá ta á, kí bíréèkì di ẹrù mú fúnra rẹ̀.

Onírin bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́ńdì tó yí dírọ́ọ̀mù ká, ló rọrùn jù fún ọ láti ṣe. Ká ní o kan àgbá bíréèkì tó fẹ̀ ní 500 mm mọ́ ẹ̀gbẹ́ dírọ́ọ̀mù, tí bẹ́ńdì yí i ká ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. A fẹ́ ìlọ́po méjì 760, nítorí náà bẹ́ńdì ní láti fa etí àgbá pẹ̀lú 6080 N. Igbà ẹlẹ́mu náà ló ń ṣiṣẹ́ níbí: pẹ̀lú ìdìmú 0.3 àti ìyíká yẹn, ìdí tó le ń fà ní ìlọ́po 4.1 ìdí tó dẹ̀. Ìdí tó dẹ̀ ń béèrè 1955 N, ìdí tó le sì ń gba 8035 N. Fi bóòtù de ìdí tó le mọ́ férémù pinpin, kí lífà máa fa ìdí tó dẹ̀. Bí lífà náà bá ń sọ agbára di ìlọ́po mẹ́jọ, sípíríǹgì tó ń fa nǹkan bíi 25 kg ti tó.

Ibí yìí ni mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń kan líìfítì. Wọ́n á de ìdí tó dẹ̀ mọ́ férémù, wọ́n á wá so lífà mọ́ ìdí tó le. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, bẹ́ńdì kan náà ni, bóòtù kan náà ni. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì kan náà kò ní lè ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí o tó jó o, mú ṣọ́ọ̀kì, fa àmì sí àgbá náà láti fi ìhà tí ẹrù máa fi yí i nígbà tó bá ń já bọ̀ hàn. Ibi tí àgbá ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń wọ́ bẹ́ńdì lọ, ni ìdí tó le. Ibẹ̀ ni kí o dè.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹlẹ́mu, ẹ bi í bí inú rẹ̀ ṣe máa ń rí lórí ọ̀pẹ tí òjò ti pa. Bíréèkì rẹ náà bẹ́ẹ̀ ni. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá dé abẹ́ bẹ́ńdì, tí ìdìmú ti 0.3 wá sí 0.1, ìlọ́po 4.1 yẹn á di 1.6 péré. Sípíríǹgì kan náà, bẹ́ńdì kan náà, ohun tó máa dì mú jẹ́ 294 Nm dípò 1520. Nǹkan bíi 190 kg nìyẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún á máa yọ̀ wálẹ̀, bíréèkì sì wà ní títẹ̀. Nítorí náà, kan páànù bò ó láti òkè àti ní ẹ̀gbẹ́. Má jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń fi gíríìsì sí bíárìn dírọ́ọ̀mù dojú kọ bíréèkì. Kí o sì fi ìkọ́ sí i: jíà tí eyín rẹ̀ dà sí ìhà kan, tí ó ń gbà lọ tí kò gbà bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù, pẹ̀lú irin tó ń wọ inú eyín rẹ̀. Ìkọ́ kò mọ òjò, kò mọ ọ́ìlì. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ní láti dúró lókè ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìkọ́ ni kó dì í mú.

Sísọ ẹrù kalẹ̀ náà ń di ooru. Líìfítì kọnkéré kì í sábà gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀, òfìfo ló ń bọ̀ wálẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á wà tí wọ́n máa fẹ́ fi kó àlòkù irin sọ̀kalẹ̀. Láti mítà 12, 500 kg ń kó nǹkan bíi 59 kJ wọ bíréèkì nínú ìsọ̀kalẹ̀ kan. Àgbá irin tó wọn 15 kg á gbóná sí i ní ìwọ̀n 8 tàbí 9. Ẹ̀ẹ̀kan kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léra wọn láìsinmi, ó ti fi nǹkan bíi 85 kún ooru ọ̀sán Ìbàdàn. Sọ fún ẹni tó bá yá a lọ́wọ́ rẹ pé kó máa sinmi.

Má sọ láéláé pé irin nípọn, kò lè já. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 1973, ní ibi ìwakùsà èédú Markham ní Derbyshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ 29 wà nínú àgò tó ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀ sínú ihò. Ọ̀pá irin kan tó wà láàárín sípíríǹgì bíréèkì ẹ̀rọ náà já. Kò sí ohun mìíràn tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àgò náà já lulẹ̀, àwọn 18 kú, àwọn 11 tó kù fara pa gidigidi. Ọ̀pá náà kò já nítorí pé ẹrù pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Títẹ̀ kékeré tó ń tẹ̀ ní ìgbà àìmọye ló dá ojú ẹ̀là sí i, ẹ̀là náà ń jẹ ẹ́ wọ inú fún ọdún púpọ̀. Bóòtù kan ṣoṣo tó so bẹ́ńdì rẹ mọ́ férémù, bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà. Fi méjì sí i, kí ọ̀kan lè gbé gbogbo rẹ̀ bí èkejì bá lọ. Má fi wẹ́dà nìkan dè é. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni mò ń bú yẹn, má bínú. Àti pé ènìyàn kò gbọdọ̀ gun bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, ì báà jẹ́ fórémáànù tó ń kánjú. Kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa.

Nípa láínìn: ìwọ ń ra tòkunbọ̀, o kò sì mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Láyé àtijọ́ asbestos ni wọ́n ń fi ṣe láínìn kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí ìpadàbọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de èyí tó kù nínú rẹ̀ ní 1999, ṣùgbọ́n òfin wọn kò dé inú àwọn àlòkù tó ti wọ ọjà wa. Má fi ẹnu fẹ́ eruku inú kílọ́ọ̀ṣì, má fi atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Fi omi tútù nù ún pẹ̀lú àkísà, kí o sọ àkísà náà nù. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó dè é padà.

Nígbà tí o bá ti tún gbogbo rẹ̀ tò, máa dán an wò bí mo ṣe ń ṣe é. Kó iyẹ̀pẹ̀ tí ó bá bọ́kẹ́ẹ̀tì pé 625 kg, ìyẹn ìdá mẹ́rin lé lórí 500. Gbé e kúrò nílẹ̀ ní 30 cm, má jù bẹ́ẹ̀. Tẹ bíréèkì, tú kílọ́ọ̀ṣì, pa ẹ́ńjìnnì. Fa ìlà ṣọ́ọ̀kì kan láti ara àgbá bíréèkì bọ́ sí ara bẹ́ńdì, kí o lọ jẹun. Tí o bá padà dé lẹ́yìn ìdajì wákàtí, tí ìlà náà ti kán sí méjì, bíréèkì kò tó. Da omi sí bẹ́ńdì, kí o tún dán an wò pẹ̀lú ìkọ́ nínú eyín rẹ̀. Fún kílọ́ọ̀ṣì, fa ìlà mìíràn gba etí àwo méjèèjì kọjá, kí wọ́n ti wà ní títẹ̀ mọ́ra. Gbé 500 kg lọ dókè lẹ́ẹ̀kan, láìdá kílọ́ọ̀ṣì sí ìdajì, kí o sọ bíréèkì mọ́ ọn, kí o pa ẹ́ńjìnnì, kí o wo ìlà náà. Ó máa yẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń gbéra, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì ń yọ̀ nígbà tí ẹrù ti ń lọ déédéé, dá sípíríǹgì kan padà sí i nínú mẹ́ta tí o yọ, kí o sì tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò ní méjì-méjì tó kọjú síra wọn, kí ìtẹ̀ lè dọ́gba. Bó bá yẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wo láínìn rẹ, ọ́ìlì ti wọ ibẹ̀.